Ta Ló Tú Ààlè Ojú Ìlà?

Òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n rí i pé apẹ̀rẹ̀ kòkó náà ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́bàá òpó góòlù. Màrìwò tí Ìkirè so mọ́ ọn ti já. Ìkarahun ìgbín tí Àpòmù gbé lé e lórí ti fọ́ sí méjì. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀lù ti sọ ihò roboto sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú ẹ̀kọ tútù, ẹnì kan sì ti bu eérú tuntun sí i, ó tún ìlà náà fà.

Kó tó di agogo mẹ́jọ, pápá ilé ìwé ìjọ tó wà ní Ìkirè ti kún. Ará Ìkirè dúró sí apá kan, ará Àpòmù sí apá kejì, olúkúlùkù sì mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà dání. Ẹni tó bá jí iṣu wa, olè là ń pè é. Ẹni tó bá tú ààlè tí ìlú méjì jọ so, kò tíì sí ẹni tó mọ orúkọ tí à bá pè é, torí irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹni tó ṣe é wà láàárín wọn. Ó wọ ṣòkòtò funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń mirí bí àwọn tó kù ṣe ń mirí. Tíṣà Obadiah ni, ọ̀gá ilé ìwé náà, òǹkàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì, rẹfirí tí ìlú méjèèjì ò jẹ́ pààrọ̀ fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ẹni tí ò níyì, kí ló fẹ́ bẹ̀rù lára ẹ̀tẹ́?

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 1950 ni, kòkó ń tà, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan sì gbé ife kalẹ̀ fún ìlú tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lágbègbè náà. Ìkirè àti Àpòmù ló kù sí ìkẹyìn. Òjò ti rọ̀, pápá ti di ẹrẹ̀. Ó ku bí ìṣẹ́jú méjì kí eré parí, ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ góòlù, ni ọmọ Ìkirè kan bá gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé Àpòmù. Ó ba Jímọ́ọ̀ tó ń ṣọ́lé láyà, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já sínú ẹrẹ̀ láàárín òpó méjèèjì, ó rì síbẹ̀, kò yí mọ́. Tíṣà sáré dé, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó fọn fèrè.

“Ó ti kan ìlà,” ó ní. “Góòlù ni.”

Àpòmù ní kò kan án. Ìkirè ní ó kan án. Ẹsẹ̀ ti tú eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi fa ìlà náà ká, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé ibí ni ìlà wà tàbí ọ̀hún. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kò ju bóyá ó kan án tàbí kò kan án. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá kíkan nìkan tó. Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Lóko, bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti tẹ ibi tí pèrègún wà, o ti wọ oko olóko. Ewúrẹ́ rẹ tó bá dé ìdí rẹ̀ ti jẹ̀bi. Òfin yìí ni Tíṣà bá ọmú ìyá rẹ̀ mu, òun náà ló gbé wọ pápá, òun ló sì fi kọ́ gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láti Ìkirè dé Àpòmù.

Àwọn àgbà ló dá sí i. Wọ́n ní kí wọ́n yọ bọ́ọ̀lù náà jẹ́jẹ́, kí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ bo ihò rẹ̀, kí ìlú méjèèjì so ààlè mọ́ ọn, títí àwọn ìgbìmọ̀ ife yóò fi ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti ta okùn láti òpó dé òpó. Ìlú kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀ṣọ́ kan síbẹ̀. Kí wọ́n tó tú ká, ẹnì kan bi Jímọ́ọ̀ pé ìwọ tó o sún mọ́ ọn jù, kí lo rí?

“Ó kan ìlà,” ni Jímọ́ọ̀ wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá a délé. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni baba rẹ̀ ò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní ọmọ tó bá ta ìlú rẹ̀ lójú ọ̀tá, oúnjẹ wo ló kù tó fẹ́ jẹ níbẹ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni Tíṣà jókòó láti kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ìgbìmọ̀. Ó fẹ́ fi òfin gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ló bá rántí ìwé òfin bọ́ọ̀lù pélébé kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn nígbà Àjíǹde, tí kò tíì tú kúrò nínú bébà. Ó tú u. Ó kà á pé góòlù kì í jẹ́ góòlù àfi bí gbogbo bọ́ọ̀lù bá kọjá gbogbo ìlà, láàárín òpó méjèèjì, lábẹ́ igi ìdábùú. Ó tún un kà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ojú tì í débi pé nígbà tí Jemima ìyàwó rẹ̀ pè é wá jẹun, ó ní ebi ò pa òun.

Lówùúrọ̀ Sọ́ńdè, òjò ń rọ̀. Ó mú agbòjò, ó fi okùn tín-ínrín sápò, ó ní òun kàn fẹ́ lọ wò ó ni, bóyá Ọlọ́run á bá òun ṣe é kí bọ́ọ̀lù náà ti kọjá pátá. Kò bá ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀. Ó ṣí apẹ̀rẹ̀, ó ta okùn. Ààbọ̀ ihò náà ló wà lórí ìlà. Ó dúró wò ó títí omi fi wọ bàtà rẹ̀. Ó rí i bí àwọn ará Ìbàdàn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ wò ó, bí wọn yóò ṣe gbójú sókè bi í léèrè níṣojú gbogbo àwọn tó ń pè é ní ọ̀mọ̀wé, pé Tíṣà, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe ìyókù. Nígbà tó mọ̀, ihò ti di ilẹ̀, ó sì ti ń da eérú tí àwọn tó fa ìlà fi sílẹ̀ lẹ́yìn òpó lé e lórí lójú òjò náà. Ó wá da apẹ̀rẹ̀ bò ó pa dà bó ṣe bá a.

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí àwọn ìgbìmọ̀ ife ní kó ṣáájú àwọn wá láti Ìbàdàn dé ní ọ̀sán Mọ́ńdè nínú lọ́rì tó ń kó kòkó. Ayọ̀délé ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, ó sì ti ra dòdò sínú ewé kó tó bọ́ sílẹ̀. Ó rìn yí ojú góòlù náà ká, ó ń jẹ dòdò. Ó bẹ̀rẹ̀ wo eérú tuntun náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́ rẹ̀, ó béèrè ẹni tó mọ òfin bọ́ọ̀lù jù. Gbogbo ọwọ́ nà sí Tíṣà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́ mi,” ni Ayọ̀délé wí. “Èmi ò gbá bọ́ọ̀lù rí. Ìgbà wo ni góòlù ń di góòlù?”

Tíṣà tó ti ń kọ́mọ fún ogún ọdún, bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, ẹnu rẹ̀ á dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó débẹ̀.

“Bí gbogbo bọ́ọ̀lù bá ti kọjá gbogbo ìlà,” ó ní, “láàárín òpó méjèèjì, lábẹ́ igi ìdábùú.”

Ayọ̀délé kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́. Ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé òun ò dára, kí Tíṣà jọ̀wọ́ tẹ̀ lé òun, kó máa bá òun kọ ohun tí àwọn èèyàn bá sọ. Báyìí ni wọ́n ṣe fún olè ní kọ́kọ́rọ́ àká, ó sì gbà á torí kò mọ bí a ti ń kọ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè, Ògúnwándé láti Ìkirè àti Fálúyì láti Àpòmù. Àwọn méjèèjì búra pé àwọn ò kúrò níbẹ̀ láti Sátidé títí ilẹ̀ Mọ́ńdè fi mọ́. Ayọ̀délé bi wọ́n pé nígbà òjò ọjọ́ Sọ́ńdè ńkọ́? Wọ́n ní abẹ́ igi àràbà tó wà lẹ́yìn góòlù ni àwọn wà, ẹ̀kán òjò kan ò kan àwọn. Kò bá wọn jiyàn. Ó mú wọn lọ sábẹ́ àràbà, ó ní kí wọ́n gbójú sókè. Igi ti wọ́wé tán, àfi ọ̀run gbalaja.

Fálúyì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ó ní òjò ló lé àwọn, pé ilé Ògúnwándé ni àwọn sá lọ, ìyàwó rẹ̀ sì gbé ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná síwájú àwọn. Ìlú méjì ń pọ́n àdá de ara wọn, ẹ̀ṣọ́ wọn ń fọwọ́ sínú abọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní agogo ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ń lù nígbà tí àwọn kúrò, èkejì ń lù nígbà tí àwọn pa dà, àwọn ò sì wo abẹ́ apẹ̀rẹ̀ torí wọ́n bá a ní dídé bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ òru ló wá gbé e ṣubú.

“Ẹ kọ ọ́, Tíṣà,” ni Ayọ̀délé wí. “Láàárín agogo méjì.”

Tíṣà kọ ọ́. Òun náà ló fa okùn agogo kejì yẹn lọ́jọ́ náà.

*

Jímọ́ọ̀ wà ní àhámọ́ àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Fìlà rẹ̀ ni wọ́n bá nídìí òpó góòlù, ọ̀rọ̀ sì ti parí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n ní ó fẹ́ fi tún ara rẹ̀ ṣe lójú baba rẹ̀ ni, ó fẹ́ pa ẹ̀rí tí yóò fún Ìkirè ní ife rẹ́. Kóòtù ìbílẹ̀ yóò jókòó lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́ta lẹ́wọ̀n ni wọ́n ń fẹnu pa, èyí tó burú jù sì ni pé Àpòmù ò ní gbà á sílé mọ́ bó bá ti ibẹ̀ dé.

Ayọ̀délé gbé fìlà náà síwájú rẹ̀, ó ní ti ta ni.

“Tèmi ni, sà. Mo wá ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Mo ní kí n wò ó bóyá irọ́ ni mo pa mọ́ ìlú mi. Mo yọjú sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kẹ́yìn síbẹ̀, mi ò rí ihò. Ẹ̀rù bà mí, mo sá. Mi ò mọ̀gbà tí fìlà bọ́.”

“Nígbà tí bọ́ọ̀lù jábọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó kọjá ìlà?”

“Rárá, sà. Ààbọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí eérú.”

“Ó sì jẹ́ góòlù?”

“Góòlù ni, sà. Bó bá ti kan ìlà, ó ti parí. Tíṣà ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀.” Ó yíjú sí Tíṣà kó lè jẹ́rìí sí i. “Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, sà?”

Gègé Tíṣà dúró. Ojú ọmọ náà mọ́ kedere, kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Ó kàn ń wo ọ̀gá rẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kíláàsì kejì. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tíṣà wà lọ́jà, orí ọmọ ń wọ́, ó sì tẹjú mọ́ bébà, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́ wọn.” Ó kórìíra ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ayọ̀délé sọ fún un, bí ẹni sọ nípa ojú ọjọ́, pé ọmọ náà kọ́ ló ṣe é. Ó ní ojú eérú tuntun náà kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí òjò lù sí i, èyí fi hàn pé wọ́n ti dà á kí òjò tó dá. Fìlà náà ní tirẹ̀ gbẹ, kò rí òjò. Ẹni tó ni fìlà dé lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti bàjẹ́.

Ọkàn Tíṣà fúyẹ́. Ó ní ẹ ò ha tú u sílẹ̀ báyìí? Ayọ̀délé ní bí òun bá tú u sílẹ̀ láìmú ẹlòmíràn, àwọn èèyàn á ní òun gba rìbá, Àpòmù á sì lé e náà ni. Orúkọ ọmọ náà ò lè mọ́ àfi bí òun bá rí orúkọ míì.

Wọ́n rìn gba ìlú já títí dé ilé Tíṣà. Lójú ọ̀nà, Ayọ̀délé ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé ní ìbéèrè kan náà: onídòdò, onígbàjámọ̀, àwọn tó ń sá kòkó níwájú ilé. Kò jẹ́ kí Tíṣà kọ èyíkéyìí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, Jemima gbé omi wá, ó ní kí àlejò bá òun gba ọkọ òun níyànjú kó sinmi, torí ara rẹ̀ ò yá. Ó ní lọ́jọ́ Sọ́ńdè, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ra, ó jókòó nígbà tí gbogbo ìjọ dìde lọ jẹ oúnjẹ Olúwa. Ayọ̀délé kí i pé ó kú àlejò, ó mu omi rẹ̀ tán.

*

Inú kíláàsì ni Ayọ̀délé ti wá jókòó ti Tíṣà, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ sì ga tó àyà.

“Sà, mo ti bi èèyàn mẹ́rìnlá léèrè lónìí,” ó ní. “Gbogbo wọn ló ní bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ìlà, góòlù ni. Mo ní ta ló kọ́ wọn, wọ́n ní ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ fún mi lọ́sàn-án pé gbogbo bọ́ọ̀lù, gbogbo ìlà.”

Tíṣà fi gègé rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìkirè ń fẹ́ kí ihò yẹn wà kí okùn lè dá wọn láre. Àpòmù náà ń fẹ́ kó wà, torí wọ́n gbà pé kò kan ìlà. Ta ló wá fẹ́ kó pa rẹ́? Ẹni tó mọ̀ pé bí àwọn ará Ìbàdàn bá dé, fèrè ni yóò jẹ̀bi. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fọn fèrè torí ó kan ìlà. Lónìí Mọ́ńdè, ẹ ti mọ̀ pé kíkan ò tó. Sọ́ńdè ló wà láàárín wọn.” Ó pa ìwé rẹ̀ dé. “Ẹni tó tún ìlà yẹn fà, okùn ló fi wọ̀n ọ́n. Ó gún ju tàtijọ́ lọ. Àgbẹ̀ tó ń sá lọ ò ní rántí èyí.”

Tíṣà gbé ọwọ́ lé orí tábìlì, ó wò wọ́n. Ó ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, síbẹ̀ nígbà tó dé, ó ṣe é bíi pé wọ́n bọ́ ọ síhòòhò lójú ọjà. Ó ní, “Òótọ́ ni.” Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ó ní ìtìjú ló ṣe é. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà ń kéré lẹ́nu rẹ̀.

“Mo lè kọ ọ́ síwèé kí n mú un lọ Ìbàdàn,” ni Ayọ̀délé wí. “Wọ́n á kà á níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Àpòmù ò mọ̀wé.”

Òun nìkan ló dìde. Tíṣà pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé pápá. Wọ́n ti mú Jímọ́ọ̀ wá, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ kan dì í lápá mú. Tíṣà lọ dúró lójú ìlà, ó sì sọ ọ́ fún ìlú méjèèjì: pé kì í ṣe góòlù, pé kò jẹ́ góòlù rí, pé òun ò mọ òfin tóun fi ń dájọ́ láti ọdún mẹ́jọ, àti pé nígbà tóun mọ̀ ọ́n tán, òun wá tú ààlè wọn. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

Ọlọ́pàá jọ̀wọ́ apá Jímọ́ọ̀. Ọmọ náà dúró, bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò lọ.

“Kì í ṣe góòlù, sà?” ó bi í.

“Kì í ṣe góòlù.”

“Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi.”

Baba rẹ̀ wà níwájú àwọn ará Àpòmù, àgbẹ̀ arúgbó tó fi aṣọ oko sára. Tíṣà rìn tọ̀ ọ́ lọ, ó wo ojú rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ó ní ọmọ yín ò ta ìlú yín, sà. Ohun tó rí ló sọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Baba náà wò ó nílẹ̀.

“Dìde,” ó ní. “Ti Sátidé, àìmọ̀ ni, mo ti fi jì ọ́. Ti Sọ́ńdè àti òní, ọwọ́ ọmọ mi ni ìdáríjì rẹ̀ wà.”

Ó na ọwọ́ sí Jímọ́ọ̀, ó sì pè é lórúkọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Jímọ́ọ̀ gba fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó gbọn erùpẹ̀ ara fìlà náà dànù. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà Ìkirè, ó ní ó dàárọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà Àpòmù. Ó kí Ayọ̀délé, ó kí ọlọ́pàá tó dì í mú, ó kí Ògúnwándé àti Fálúyì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, tó ti gbé ọwọ́ sókè láti dáhùn, ó sì kọjá lára rẹ̀ lọ sílé.